Ẹyin Mẹ́rin Lábẹ́ Adìyẹ Ìyá Òde

Ìtìjú ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ adìyẹ ìbílẹ̀. Ọdún kejìdínlógún mi rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo ti ya ẹyin sójú pátákó tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi ojú dídì yà á. Síbẹ̀, nígbà tí mo padà lọ kàwé gboyè kejì lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélógójì, ẹyin oko adìyẹ ńlá ni mo lọ rà, páálí kan gbáko. Mo kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń mú ẹyin gbóná ní yàrá àyẹ̀wò wa ní Ṣàgámù. Mo ń yí wọn láàárọ̀, mo ń yí wọn nírọ̀lẹ́, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tọ́jú aboyún. Ní ọjọ́ keje mo fọ́ ọ̀kan, mo fọ́ èkejì, mo fọ́ ẹ̀kẹta. Omi ẹyin lásán ni, tí kò tilẹ̀ ṣeé dín mọ́. Ọ̀gá mi tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí náà wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Tíṣà, níbi tí ẹ ti ra ẹyin yìí, ṣé ẹ rí àkùkọ níbẹ̀?" Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo wá ẹyin alákùkọ. Ìyẹn ṣe dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin, iná wá lọ lọ́jọ́ Sátidé, epo jẹnẹrétọ̀ tán lọ́jọ́ Àìkú, ẹni tó yẹ kó wá bu epo sí i sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹyin tutù bí òkúta odò. Mo bínú sí iná, mo bínú sí elépo, mo bínú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ń bínú kì í mọ ibi tí yóò dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń wá, kí ẹ má baà rò pé ẹyin ni mo fẹ́ràn. Nísàlẹ̀ àárín ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń pèsè ohun tí wọ́n ń pè ní dopamíìnì. Wọn kò pọ̀ tí a bá fi wọ́n wé ìyókù, ṣùgbọ́n àwọn ni kì í jẹ́ kí ara wa le gan-an bí igi. Bí wọ́n bá dín kù jù, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, ojú pàápàá á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Adìyẹ ní wọn, àwa náà ní wọn, ibì kan náà ni wọ́n sì ń gbé nínú orí àwa méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ wọn ni bí wọ́n ṣe ń di ohun tí wọ́n dà. Nígbà tí ọlẹ̀, ọmọ inú ẹyin, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ wọn, kò sí èyí tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí níwájú orí. Aládùúgbò ló ń ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń ránṣẹ́ sókè, àwọn tó wà ní ààlà lẹ́yìn ń ránṣẹ́ síwájú. Ibi tí ìránṣẹ́ méjèèjì bá ti pàdé, tí ó sì bọ́ sí àsìkò, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì dopamíìnì ti ń yọjú. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ kò tó nǹkan. Kí n gé orí ọlẹ̀ ọjọ́ keje fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí n kùn ún ní aró kan tó ń lẹ̀ mọ́ irú sẹ́ẹ̀lì yẹn nìkan, kí n sì fi ibi tí wọ́n dúró sí hàn. Aró náà kò ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi pé tí ó bá tán, ó tán nìyẹn.

Ní báyìí, mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan ní Òde Rẹ́mọ, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òde. Wọ́n ń sin adìyẹ ìbílẹ̀, àkùkọ wọn sì burú débi pé ó ti lé olùkó-ìdọ̀tí wọ inú gọ́tà rí. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ jẹ́ àtàǹpàkò nìkan, bí ẹni tó ń ka owó tí ẹlòmíràn kò rí, kó tó wá di gbogbo ọwọ́. Èmi ni mo mú wọn lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù. Dókítà wò wọ́n, ó ní kí wọ́n rìn lọ, kí wọ́n rìn bọ̀, ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ gbá orúnkún. Ó wá sọ fún wa pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń kú láàárín ọpọlọ wọn. Èmi tí mo ti ń fọ́ ẹyin kiri nítorí sẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an, èmi ni mo ní kí ó tún un sọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn, ara tù wọ́n díẹ̀, a sì rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wọn bi wọ́n pé, "Màmá, oúnjẹ ta ni ẹ ń jẹ?" Ìbéèrè yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, torí pé oúnjẹ Ìyá Kékeré ni.

Ìyá Kékeré ni orogún wọn. Ìyá Òde ni ìyálé, Ìyá Kékeré ni ìyàwó. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò kúrò nílé náà, yàrá wọn kọjú síra wọn, àgbàlá kan náà ló sì wà láàárín. Ogójì ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Ìyá Kékeré máa ń se ìkọ́kọrẹ́, iṣu ewùrà rírin tí wọ́n fi ẹja gbígbẹ àti epo sè, wọn a sì bu abọ́ kan sọdá àgbàlá fún ìyálé wọn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé náà ni Ìyá Òde máa ń tọ́ ọ wò, wọn a ní, "Iyọ̀ pọ̀ jù." Ìyá Kékeré a dáhùn pé, "A ó dín in kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìyá Òde a jẹ ẹ́ tán, wọn a fi ìka nu abọ́. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan kí ó yàtọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obìnrin aládùúrà yẹn, Ìyá Òde yí padà. Abọ́ á dé, wọn a ní, "Ẹ ṣeun, mo ti yó." Ìyálé sọ ẹ ṣeun fún ìyàwó! Nínú ilé yẹn, ó sàn kí wọ́n bú èèyàn ju kí wọ́n fi ‘ẹ’ àlejò kí i lọ. Ìyá Kékeré á gbé abọ́ wọn padà, wọ́n á sì tún gbé òmíràn wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, ju ọwọ́ tó ń gbọ̀n lọ. Mo ń bẹ̀rù pé àwọn obìnrin méjì tó ti jọ gbó, tí kò sí ẹni tó kù tó mọ ìgbà èwe wọn ju ara wọn lọ, yóò kú ní ọ̀tá ara wọn nítorí abọ́ ìkọ́kọrẹ́.

Mo gbìyànjú láti là wọ́n lóye. Irọ́ ni mo ń pa, igbe ni mo lọ ké. Mo dúró láàárín yàrá Ìyá Òde, mo ń ju ọwọ́ bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì, mo ní sẹ́ẹ̀lì ló kú, kò sí májèlé nínú ìkọ́kọrẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdúrà tan yín jẹ. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá ní, "Wẹ ti rí sẹ́ẹ̀lì náà rí?" Mo ní nínú ìwé. Wọ́n ní, "Ẹni tó sọ̀rọ̀ àdúrà fún mi náà, nínú ìwé ló ti rí i." Ojúlówó ẹnu Rẹ́mọ, tó ń pe ìwọ ní wẹ, ni Ìyá Òde ń sọ, mo kàn fọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ará ibòmíràn lè bá wa lọ ni. Mo tọrọ àforíjì fún ariwo, mo gba ilé lọ.

Nítorí náà, nígbà tí iná àti oko ńlá ti dójú tì mí tán, tí mo gbọ́ pé adìyẹ Ìyá Òde kan ń sàba, ìtìjú ló kún ojú mi bí mo ṣe ń lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹyin mẹ́rin lábẹ́ adìyẹ náà bí ó bá di ọjọ́ keje.

Wọ́n ní, "Ẹyin kò sí lábẹ́ adìyẹ. Ẹyin wà lọ́jà. Èyí tí adìyẹ bá ti jókòó lé, ọma ni."

Ọmọ ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń ṣe nínú agbo-ilé wọn. Ẹyin tí adìyẹ bá ti ń sàba lé, ẹnikẹ́ni kì í tà á, kì í jẹ ẹ́, kì í fi tọrẹ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn, èyí tí wọ́n ti ń fi bọ abẹ́ ìró láti ìgbà tí mo ti wọlé. Wọ́n ní, "Ṣé nínú orí rẹ̀ ni nǹkan tó kú nínú orí tèmi wà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "N óò fún ọ ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìwé. Ojú mi ni n óò fi rí i. Bí wẹ kò bá lè fi hàn mí, má bá mi sọ̀rọ̀ ìkọ́kọrẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé."

Mo gbà. Kí ni mo tún lè ṣe?

Ní ọjọ́ keje, mo wọ takisí láti Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú kúlà kékeré lórí ẹsẹ̀. Ìyá Òde ká ìwé ìròyìn bíi fèrè, wọ́n gbé ẹyin sí ẹnu rẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí oòrùn. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ṣe é, ó dúró ṣinṣin. Wọ́n ní kí n wò. Mo rí iṣan pupa tín-ín-rín tó tàn ká, àti ojú dúdú kan láàárín. Ọdún méjìdínlógún tí mo fi ń kọ́ni, n kò mọ̀ pé ìwé ìròyìn tó bẹ́ẹ̀. Mọ́kànlá ni ẹyin náà, a mú mẹ́rin tó dára jù.

Ibí yìí ni ọgbọ́n mi ti ju ti Ọlọ́run lọ. Ọ̀rọ̀ pé ọmọ ni wọ́n ti wọ̀ mí lára, mo sì ti lọ gba ẹyin mẹ́rin tútù lọ́wọ́ aládùúgbò mi kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tó ń sin adìyẹ ìbílẹ̀, alákùkọ dájúdájú. Mo fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn. Bí Ìyá Òde ṣe wọlé lọ fọwọ́, mo rọra tì wọ́n sí abẹ́ adìyẹ náà, ó sì ṣá mi lọ́wọ́. Mo ní kí n má sọ ọ́, kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn. Mọ́kànlá ni wọ́n kó lé, mọ́kànlá ni yóò pa. Mo jókòó sínú takisí, inú mi dùn sí ara mi gan-an.

Ó gbà mí ní bí ọjọ́ mọ́kànlá kí n tó parí gígé àti kíkùn. Ìgbà tí mo gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kìíní sábẹ́ awò ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ní yàrá àyẹ̀wò, mo ń yí i títí ó fi hàn kedere. Lẹ́yìn náà mo pariwo tó jẹ́ pé ọ̀gá mi sáré wọlé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà níbẹ̀, rúsúrúsú, wọ́n kóra jọ nísàlẹ̀ àárín ọpọlọ, ibi tí ìwé sọ gẹ́lẹ́. Mo sunkún díẹ̀, kò sì tì mí lójú.

Awò yàrá àyẹ̀wò kò ṣeé gbé jáde, àkàsọ̀ ibẹ̀ sì ga jù fún ẹsẹ̀ Ìyá Òde. Ṣùgbọ́n iléèwé wa ní máíkírósíkópù àtijọ́ kan tí kò nílò iná, dígí kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Mo yá a, mo fi aṣọ ìnura wé e, mo gbé e lé àyà bí ọmọ tuntun láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Òde. Ẹni tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀ kí mi kú ewu ọmọ.

A da odó dé láàárín àgbàlá, a gbé awò náà lé ìdí rẹ̀. Ìyá Kékeré ń sá ẹ̀gẹ́, ìyẹn pákí, lẹ́nu ọ̀nà tiwọn, wọ́n kí mi láti ọ̀hún, wọn kò súnmọ́ wa. Ìyá Òde tẹ ojú mọ́ ọn.

"Kí lẹ rí?"

"Igbó."

"Irú igbó wo?"

"Igbó dúdú. Ó tún ń mì."

Irun ìpéǹpéjú wọn ni. Mo kọ́ wọn bí wọn ó ṣe gbé ojú sókè díẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún di odó mú kí wọ́n má baà ṣubú, gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, awò, gíláàsì, odó. Wọ́n fa ọwọ́ náà kúrò. Wọ́n wò ó bí ẹni tó fẹ́ nà án, wọ́n wá jókòó lé e. Wọ́n tún tẹ ojú mọ́ awò. Ìkùukùu bo oòrùn, a dúró, oòrùn tún yọ.

"Àwọn pupa rúsúrúsú wọ̀nyí, bí ẹyin èèrà?"

"Àwọn ni, Ìyá."

"Wọ́n mà kéré o."

"Wọ́n kéré."

"Èyí ló wá ń da àgbàlagbà láàmú báyìí!" Ojú wọn kò kúrò lẹ́nu awò. "Ta ló ní kí wọ́n dúró síbẹ̀?"

N kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo sọ fún wọn nípa àwọn aládùúgbò, ti ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀yìn, àti bí ó ṣe jẹ́ pé ibi tí ìránṣẹ́ méjèèjì bá ti pàdé nìkan ni irú wọn ti ń hù.

"Bí wọ́n bá gbọ́ ẹyọ kan ńkọ́?"

"Wọn á di nǹkan mìíràn."

"Bí ó bá pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́?"

"Kò sí èrè níbẹ̀ mọ́. Ohun gbogbo ló ní àsìkò." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohùn tíṣà. Ẹyin mẹ́rin mi wà lábẹ́ adìyẹ lẹ́bàá wa, n kò rántí wọn rárá.

"Ta ló wá pa tèmi?"

"Kò sẹ́ni tó pa á. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn kan bí wọ́n bá ti ń dàgbà, kò sì tíì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ tán. Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú òyìnbó, ó ń ṣẹlẹ̀ ní ibi tí wọn kò mọ ìkọ́kọrẹ́."

"Mi ò bi ọ́ ní oúnjẹ."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí bóyá a lè tún ránṣẹ́ sí wọn, kí òmíràn hù. Mo sọ òótọ́. Mo ní àwọn kan níbi tó jìnnà ń mú sẹ́ẹ̀lì tuntun, wọ́n ń fi irú ìránṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí wọn lẹ́sẹẹsẹ títí wọn ó fi di irú èyí, wọ́n sì ti ń dán an wò nínú orí àwọn aláìsàn díẹ̀. Mo ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

"Kò ní bá mi láyé," ni wọ́n wí. Kò sí ẹkún nínú ohùn wọn. Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò níbi tí wọ́n jókòó lé e, wọ́n tẹ́ ẹ sí orí itan, wọ́n jẹ́ kí ó máa gbọ̀n lójú gbogbo wa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọn kò fi bọ abẹ́ ìró.

Mo fẹ́ pe Ìyá Kékeré wá wo awò náà. Mo ti ya ẹnu. Ìyá Òde wò mí, mo pa á dé. Wọ́n ní kí n gbé nǹkan mi kí òjò tó dé. Mo padà sí Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. Mo ti rò pé bí ojú bá ti rí, ọkàn á gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Òde pè mí lórí fóònù ní àkókò ìsinmi ọ̀sán.

"Adìyẹ ti dìde."

Mo ní kú oríire.

"Mẹ́fà ló pa, ọ̀kan ti di ọ̀bu. Ó ti kó àwọn mẹ́fà jáde. Ẹyin rẹ mẹ́rin alámì ló fi sílẹ̀, wọ́n sì ti ń tutù."

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin adìyẹ fi ń pa. Ọjọ́ kẹrìnlá ni tèmi wà. Adìyẹ kì í dúró de ẹyin tó pẹ́ wọlé. Bí àwọn àkọ́pa bá ti ń ké, ó ti dìde nìyẹn. Èmi tí mo jókòó lẹ́bàá odó tí mo ń ṣàlàyé àsìkò fún àgbàlagbà! Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ fún yín..."

"Mo rí wọn lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí n wo ibi tí ọgbọ́n tíṣà máa parí sí." Wọ́n pa fóònù.

Mo bẹ ẹnì kan kó dúró fún mi ní kíláàsì, mo wọ takisí. Nígbà tí mo dé Òde, apẹ̀rẹ̀ adìyẹ náà ṣófo, kò sí ẹyin kankan níbẹ̀ àfi ọ̀bu. Mo wo yàrá, kò sẹ́ni. Mo wá gbọ́ ohùn láti ilé ìdáná Ìyá Kékeré, níbi tí Ìyá Òde kò tẹ̀ mọ́ láti bí ọdún kan.

Ìyá Òde jókòó lórí àpótí níbẹ̀. Wọ́n kó ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú bùbá, sí àyà wọn, kí ooru ara lè mú wọn. Adìyẹ Ìyá Kékeré ń sàba ní igun kan lórí àpò àtijọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ti Ìyá Òde ni ó jókòó, bí ẹni pé wọ́n bá ẹyin mi ṣàdéhùn. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò wọlé.

Ìyá Òde ní, "Adìyẹ tèmi ti dìde. Tìrẹ ló kù."

Ìyá Kékeré ní, "Ẹ mú wọn wá, ìyálé mi."

Ìyá Òde yọ ẹyin kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi yọ ọ́, ó ń gbọ̀n débi pé ẹyin náà kan ìkejì, ó dún. Wọ́n dúró. Ìyá Kékeré kò gba ẹyin náà lọ́wọ́ wọn. Ọrùn-ọwọ́ wọn ni wọ́n dì mú, ọwọ́ méjèèjì jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìkẹyìn, adìyẹ náà ṣá Ìyá Kékeré, ẹni tó ni ín, lọ́wọ́ gidi. Ìyá Òde bú sẹ́rìn-ín. Ojú wọn tó ti le láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, ó tú sílẹ̀. Ayọ̀ tó kún inú mi pọ̀ ju ti ọjọ́ tí mo rí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn lọ, mo ń sọ òtítọ́.

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá Ìyá Òde ti ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ kejì tí wọ́n rí àmì pẹ́ńsù, torí wọ́n mọ ọjọ́ tí gbogbo adìyẹ agbo-ilé jókòó. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní kí n lọ bi àwọn aládùúgbò inú ọpọlọ mi.

Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Ìyá Òde ń sọdá àgbàlá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti lọ wo ẹyin. Kì í ṣe pé wọ́n bẹ ara wọn. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo ṣe ọ́, má bínú. Ẹyin ni wọ́n ń sọ, àti òjò, àti ẹ̀gẹ́, àti àkùkọ oníwàhálà yẹn. Ní ọjọ́ kan mo bá wọn tí Ìyá Kékeré ń tẹ ìka Ìyá Òde lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òrí, bí dókítà ṣe ní kí wọ́n máa ṣe é, tí kò sì tíì sí ẹni tó ráyè ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pa, mo sì débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mẹ́ta nínú ẹyin mi mẹ́rin yọ, wọ́n sì dàpọ̀ mọ́ ti Ìyá Kékeré débi pé kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ní àwọn wo ni tèmi. Ìyá Òde ní, "Tiwa ni wọ́n. Wẹ ti jẹ tìrẹ ní Ṣàgámù." Mo gbà pé mo jẹ̀bi. Mo gbé ìwé àbọ̀ ìwádìí mi tí ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí jáde láti fi hàn wọ́n, wọ́n kí mi kú oríire, wọ́n sì padà sí ọ̀rọ̀ òròmọdìyẹ.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Kékeré gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ sọdá àgbàlá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú ìyálé wọn, wọn kò sì padà, wọ́n dúró. Èmi náà dúró. Ìyá Òde mú ṣíbí. Ó gbọ̀n láti abọ́ dé ẹnu, epo kán sí bùbá, ẹja kan já bọ́ sílẹ̀, òròmọdìyẹ kan sáré gbé e. Kò sí ẹni tó fẹ́ bá wọn di ṣíbí mú. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì, wọ́n gbójú sókè wo Ìyá Kékeré.

"Iyọ̀ pọ̀ jù."

Ìyá Kékeré fi etí aṣọ nu ojú. "A ó dín in kù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni wọ́n dáhùn.